Orí rélùwéè tó ń gun òkè gíga: kí ló dé tí wọ́n fi ń dín agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kù?

Ẹni tó bá ti dúró ti ẹ́ńjìnnì tó ń lọ pákí l'Ógbómọ̀ṣọ́ mọ èéfín dúdú náà. Eruku ti dí àsẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì ń mu epo bó ṣe ń mu ún, àmọ́ kò rí èémí mí. Yóò máa falẹ̀ títí pákí yóò fi há sí i lẹ́nu. Tí mẹkáníìkì bá tú àsẹ́, tó gbọ̀n ọ́n, èéfín a mọ́. Ohun kan náà ni òkè gíga ń ṣe, àfi pé àsẹ́ ibẹ̀ kò ṣeé gbọ̀n.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kọ́ ló ń yí ẹsẹ̀ orí rélùwéè yìí, ìyẹn ọkọ̀ iwájú tó ń fa àwọn yòókù, ní tààrà. Jẹnẹrétọ̀ ló ń yí. Iná tó ti ibẹ̀ jáde ló ń yí àwọn mọ́tò iná tó wà nídìí ẹsẹ̀ irin.

Kílò epo kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó kílò 14 àti ààbọ̀ kó tó jó tán. Ògbómọ̀ṣọ́ kò ga tó mítà 400. Ní òkè Tanggula, lójú irin tó lọ sí ìlú Lhasa ní Ṣáínà, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2006, gíga náà jẹ́ mítà 5,072, agbára afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì ti etí òkun lọ.

Tọ́bò ló ń ki afẹ́fẹ́ sínú sìlíńdà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fúyẹ́, tọ́bò a máa sáré kọjá ààlà rẹ̀ kó lè rí ìwọ̀n kan náà kó. Bí wọ́n bá tún fi epo kún un, iná inú sìlíńdà a gbóná jù, abẹ tọ́bò a sì lè ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ fi ń wo afẹ́fẹ́, tó sì ń dín epo kù. Kì í ṣe àléébù rárá: òun ló ń gba ẹ́ńjìnnì là. Torí agbára tó dín yìí ni wọ́n ṣe ń so irú orí rélùwéè tí wọ́n ń pè ní NJ2, tí ilé iṣẹ́ GE kọ́ ní Amẹ́ríkà fún ọ̀nà Lhasa yìí, méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ kí wọ́n tó fa ọkọ̀.

Omi ńkọ́? Ní mítà 5,000, omi inú ìkòkò tí kò ní ìdérí a hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 83 lórí Celsius. Nítorí náà, wọ́n á dé omi ẹ́ńjìnnì pinpin kó má baà tètè hó. Bí rọ́bà ìdérí rédíétọ̀ bá jò, omi a hó, a yọ fọ́ọ́mù, ojú ibi tí fọ́ọ́mù bò a gbóná, orí sìlíńdà a sì sán.

Iná mànàmáná ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù. Nínú afẹ́fẹ́ fífúyẹ́, iná a tètè fò láti ẹnu wáyà kan sí èkejì, wọ́n á sì fi àyè tó pọ̀ sáàárín wọn.

Kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ki afẹ́fẹ́ sínú páìpù bíréèkì, náà a pẹ́ kó tó kún un. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀, awakọ̀ kò gbọdọ̀ máa tẹ bíréèkì, kó máa tú u léraléra, torí afẹ́fẹ́ inú páìpù lè tán kí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó bá a.