Bí A Ṣe Ń Yan Síkóòpù fún Yíyin Ìbọn sí Àmì Ọ̀nà Jíjìn Nígbà Tí Owó Kò Pọ̀

Nígbà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó ń gbé ní Texas bá kọ́kọ́ dé pápá ìyìnbọn wa, tí wọ́n rí i pé ènìyàn lè dùbúlẹ̀ lórí ẹní kí ó sì fi ọta lu páálí tó wà ní 600 yáàdì, kì í pẹ́ tí ìbéèrè yìí fi ń jáde: "Ẹ̀gbọ́n, síkóòpù wo ni kí n rà? Dọ́là 500 ni mo rí tù jọ." Bí mo bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń wò lára àwọn tí wọ́n ti rí lọ́jà, iye ìlọ́po tí síkóòpù, ìyẹn awò tí a ń dè mọ́ orí ìbọn, fi ń fa nǹkan súnmọ́ ojú ni wọ́n máa ń kà sílẹ̀ fún mi: ìlọ́po 24, ìlọ́po 32, títí dé 40. Kò sí èyí tó tíì bi mí rí pé bí òun bá yí kókó orí síkóòpù náà lọ sókè, tí òun sì yí i padà, ṣé yóò padà síbi tó ti gbéra. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú nìyẹn, nítorí pé ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n kò ní àyè láti ra awò lẹ́ẹ̀mejì.

Eré ìdárayá ni mo ń sọ, lórí pápá tí òfin mọ̀, pẹ̀lú ìbọn tí òfin gbà kí ènìyàn ní. Ẹni tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí ó tó lè ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀, òfin Nàìjíríà kò sì gba ará ìlú láyè láti ra ráífù bí ẹni ra bàtà. Ìjọba Amẹ́ríkà pẹ̀lú ní òfin lórí gbígbé síkóòpù ìbọn jáde ní orílẹ̀-èdè náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe dì í mọ́ ẹrù tó ń lọ sílé láìwádìí.

Ọta ìbọn kì í lọ gbọnrangandan. Láti ìgbà tó bá ti fi ẹnu ìbọn sílẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń fà á wálẹ̀. Irú ọta tí wọ́n ń pè ní .308 Winchester, tó wúwo tó 175 grain (ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọta), tí a ti to síkóòpù ìbọn rẹ̀ kí ó bá àmì mu ní 100 yáàdì, yóò ti já wálẹ̀ ju 30 ẹsẹ̀ bàtà lọ kí ó tó dé 1,000 yáàdì. Àwọn ọdẹ wa tó ń lo ṣakabùlà kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé ẹran tí wọ́n ń yìnbọn sí kì í jìnnà débi tí ìjábọ́ náà yóò fi hàn. Ní ọ̀nà jíjìn, a ní láti sọ fún síkóòpù pé kí ó gbé ẹnu ìbọn sókè ní ìwọ̀n tí ọta yóò fi já, kókó tó wà lórí rẹ̀ ni a sì fi ń sọ ọ́. Bí a bá ń yí i, ó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, ìró kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Ìwọ̀n méjì ló wà lọ́jà. Èyí tí wọ́n ń pè ní mil jẹ́ sẹ̀ntímítà 10 ní 100 mítà àti mítà 1 ní 1,000 mítà. Bí a bá fi yáàdì kà á, íǹṣì 3.6 ni ní 100 yáàdì, íǹṣì 36 sì ni ní 1,000 yáàdì. Èyí tí wọ́n ń pè ní MOA jẹ́ ìdá kan nínú 60 ti dígírì kan, ó sì fi díẹ̀ ju íǹṣì 1 lọ ní 100 yáàdì. Èyíkéyìí nínú méjèèjì dára, ṣùgbọ́n kí ìwọ̀n tó wà lára agbélébùú inú awò (àwọn ìlà tí a fi ń wo àmì) àti èyí tó wà lára kókó rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn síkóòpù olówó pọ́ọ́kú kan wà tí agbélébùú wọn jẹ́ mil tí kókó wọn sì jẹ́ MOA; ẹni tó bá rà wọ́n yóò máa ṣe ìṣirò nígbà tó yẹ kó máa wo afẹ́fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àṣìṣe kékeré lè dà. Ọta .308 tí mo mẹ́nu bà yẹn ń fẹ́ nǹkan bíi 11 mil láti dé 1,000 yáàdì. Bí kókó síkóòpù bá ń fi ìdá 3 nínú 100 dín, ohun tó sọnù kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta mil lọ, ṣùgbọ́n ní 1,000 yáàdì, íǹṣì 12 ni. Nínú F-Class, ìyẹn ìdíje ọ̀nà jíjìn tí a ti ń dùbúlẹ̀ yìnbọn sí páálí olórùka, òrùka tó ń fúnni ní máàkì 10 kò fẹ̀ ju íǹṣì 10 lọ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ ní ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, òrùka 9 sì jẹ́ íǹṣì 20. Ẹni tó mí dáadáa, tó ka afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ, tó sì fa ìbọn láìmì, máàkì 8 ni yóò gbà. Òótọ́ ni pé F-Class máa ń fún olùdíje ní ọta ìdánwò kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀, a sì lè fi ìyẹn ṣe àtúnṣe. Nínú ìdíje tí a ti ń yìnbọn sí àmì márùn-ún ní ibi márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú kan àbọ̀, kò sí ọta ìdánwò kankan.

Mo mọ ìyà yìí lára ara mi. Síkóòpù tí mo kọ́kọ́ rà kò tó dọ́là 200, ìlọ́po 6 sí 24 ni, awò rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń fi í han àwọn ọ̀rẹ́ mi. Bí mo bá yí kókó rẹ̀ lọ sí 600 yáàdì tí mo sì dá a padà sí 100, ọta mi kì í bọ́ sí ojú kan náà mọ́. Mo dá èémí mi lẹ́bi, mo dá ìka mi lẹ́bi, mo pààrọ̀ ọta lẹ́ẹ̀mẹta. Ó lé ní 200 ọta tí mo yìn dànù bẹ́ẹ̀, ọta ìdíje kan sì máa ń lé ní dọ́là kan, ìyẹn ni pé owó tí mo rò pé mo fi pamọ́ lọ́jọ́ tí mo ra awò náà ti bá ẹnu ìbọn jáde. Bàbá àgbàlagbà kan ní pápá wa ló wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó sì ní kí n lọ gbé páálí gígùn kan kọ́ kí n yé bá ara mi jà.

Ìdánwò tí bàbá náà kọ́ mi lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá ra síkóòpù tuntun. Ẹ gbé páálí tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin kọ́ ní 100 yáàdì, kí ẹ sì wọn ibẹ̀ gan-an, nítorí pé bí 100 yín bá jẹ́ 97, síkóòpù tó dára yóò dà bí èyí tó ń purọ́. Ẹ fi okùn tí bíríkìlà ń so irin mọ́ nídìí fa ìlà tó dúró ṣánṣán láti òkè dé ìsàlẹ̀ páálí náà, kí ẹ sì ya àmì kan sí ìsàlẹ̀ ìlà. Ẹ yin ọta mẹ́ta sí àmì yẹn. Lẹ́yìn náà ẹ yí kókó lọ sókè ní 10 mil, kí ẹ ṣì máa wo àmì ìsàlẹ̀ yẹn kan náà, kí ẹ sì tún yin mẹ́ta. Àwọn ọta kejì yóò lu páálí lókè, ó sì yẹ kí àlàfo tó wà láàárín àárín ìdì méjèèjì jẹ́ íǹṣì 36. Ẹ dá kókó padà, kí ẹ yin mẹ́ta mìíràn, kí ẹ wò ó bóyá wọn yóò bọ́ sáàárín àwọn ti àkọ́kọ́. Bí àwọn ọta òkè bá yà kúrò lórí ìlà, a ti de síkóòpù náà mọ́ ìbọn ní wíwọ́, tàbí kí agbélébùú inú rẹ̀ wọ́. Ti èmi fi íǹṣì 35 àti díẹ̀ hàn lọ́jọ́ náà, nígbà tí mo sì dá a padà, kò padà délé.

Lẹ́yìn òtítọ́ kókó, ohun tó kàn ni bí kókó náà ṣe lè lọ jìnnà tó. Ọ̀pá síkóòpù máa ń jẹ́ íǹṣì 1, mílímítà 30, tàbí mílímítà 34, èyí tó bá sì tóbi sábà máa ń fún ẹ̀rọ inú rẹ̀ láyè láti rìn síwájú sí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àpapọ̀ ìrìn òkè àti ìsàlẹ̀ tí wọ́n kọ sára páálí tí síkóòpù wà nínú rẹ̀ tàn yín jẹ: bí wọ́n bá kọ 60 MOA, ìdajì rẹ̀ péré, ìyẹn 30, ni a lè rí lò lọ sókè. Ọta .308 wa sì ń fẹ́ nǹkan bíi 38 ní 1,000 yáàdì. Ohun tó ń yanjú èyí ni irin ìjókòó tó dàgẹ̀rẹ̀ ní 20 MOA, tí a ń dè mọ́ ẹ̀yìn ìbọn lábẹ́ síkóòpù, tó sì ń dá 20 padà fún wa lókè. Kò wọ́n, ó sì ń jẹ́ kí síkóòpù kékeré ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ní ti ìlọ́po, ẹ̀rù àìrí kedere ló ń ti ènìyàn ra èyí tó pọ̀ jù. Ìbọn M24 tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà ní 1988 lo síkóòpù Leupold oní-ìlọ́po 10 tí kò ṣe é yí padà, iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn ni wọ́n sì fi ń ṣe. Bí ìlọ́po bá ti ń pọ̀ sí i ni àyè tí a ń rí ń kéré sí i tí ìmọ́lẹ̀ sì ń dínkù: ẹ fi ìlọ́po 25 pín ojú awò iwájú tó jẹ́ mílímítà 50, mílímítà 2 péré ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú yóò fẹ̀. Lóṣù keje ní Texas, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń jó lórí ilẹ̀, bó ṣe ń rí lórí ọ̀dà títì lọ́sàn-án gangan, yóò mú kí àmì máa gbọ̀n bí ohun tó wà nísàlẹ̀ odò, bí ẹ bá sì ti kọjá ìlọ́po 18 tàbí 20, ohun tí ẹ ń sọ di ńlá ni ìgbọ̀n náà. Àwọn akẹgbẹ́ mi nínú F-Class kò ní gbà fún mi pátápátá, nítorí pé wọ́n ń wá òrùka tín-ínrín lórí páálí funfun, wọ́n sì ń san owó awò tó lè gbé ìlọ́po 40 láìdúdú. Ẹni tó ní dọ́là 500 kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn nínú ìyẹn.

Ẹ ó máa rí FFP (First Focal Plane) àti SFP (Second Focal Plane) lára páálí síkóòpù. Nínú FFP, agbélébùú ń tóbi tàbí ń kéré pẹ̀lú àmì bí a ṣe ń yí ìlọ́po, nítorí náà ìwọ̀n tó wà lára rẹ̀ kì í yí padà. Nínú SFP, agbélébùú dúró bákan náà, ìwọ̀n rẹ̀ sì máa ń tọ́ ní ìlọ́po kan ṣoṣo, tó sábà máa ń jẹ́ èyí tó ga jù. Bó bá jẹ́ páálí tó dúró sójú kan ní 300 tàbí 600 yáàdì ni ẹ ó máa yìnbọn sí, SFP tó yín, ó sì sábà máa ń dín owó kù.

Páráláàsì ni èmi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fojú fò. Bí àwòrán àmì àti agbélébùú kò bá wà ní ibì kan náà nínú awò, bí ojú yín bá sún díẹ̀, agbélébùú yóò sún kúrò lórí àmì láìjẹ́ pé ìbọn mì. Ọ̀pọ̀ síkóòpù olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ti dè é mọ́ 100 yáàdì láti ilé iṣẹ́. Ẹ wá èyí tó ní kókó kẹta lápá òsì tí a fi ń tún èyí ṣe, kí ẹ gbé ìbọn tí kò ní ọta nínú lé orí àpò iyẹ̀pẹ̀, kí ẹ má fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì mi orí yín sókè sódò; bí agbélébùú bá dúró jẹ́ẹ́ lórí àmì, ó ti tọ́.

Iná inú awò kò ṣe nǹkan fún ẹni tó ń yìnbọn lọ́sàn-án. Nínú dọ́là 500 yẹn, ẹ yọ 100 sọ́tọ̀ fún òrùka tó ń di síkóòpù mú àti irin ìjókòó, kí ẹ sì de ìdè wọn ní ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ kọ sínú ìwé, nítorí pé òrùka tí kò dì dáadáa máa ń mú kí síkóòpù rere dà bí èyí tó bàjẹ́. Pẹ̀lú 400 tó kù, SWFA oní-ìlọ́po 10 tí kò ṣe é yí padà ni mo kọ́kọ́ máa ń fi han ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé owó tí ì bá lọ sórí ìlọ́po ti lọ sínú kókó rẹ̀. Athlon Argos àti Vortex Diamondback Tactical, tí méjèèjì ní irú tó jẹ́ ìlọ́po 6 sí 24, wà nítòsí iye yẹn. Arken EP5 lè fi díẹ̀ kọjá a, ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ mílímítà 34, ṣùgbọ́n ó wúwo ju kílò kan lọ. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ilé iṣẹ́ mọ̀, torí ayédèrú pọ̀.

Orúkọ kankan nínú wọn kò sì yọ yín kúrò nínú ìdánwò páálí gígùn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí síkóòpù yín bá fi íǹṣì 35.3 hàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó tún fi 35.3 hàn lọ́jọ́ kejì, tó sì ń padà délé nígbà gbogbo, ẹ má ṣe jù ú nù: ìdá 2 nínú 100 ló fi ń dín, púpọ̀ nínú àwọn áàpù ìṣirò ọta tó wà lórí fóònù sì ní àyè tí a ti ń kọ irú iye bẹ́ẹ̀ sí. Mo ní ọ̀kan bẹ́ẹ̀, mo kọ iye rẹ̀ sórí téèpù tí mo lẹ̀ mọ́ ìdí ìbọn mi, mo sì ti fi í díje fún ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n bó bá fi 35.3 hàn lónìí tó sì fi 36.2 hàn lọ́la, tàbí tí kò padà síbi tó ti gbéra, kí ẹ kó o sínú páálí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀, kí ẹ sì dá a padà fún ẹni tó tà á kí ọjọ́ tó fún yín tó pé.