Kì í ṣe gbogbo ajá tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nímú ló jẹ májèlé

Ajá tó ń sáré kiri àgbàlá á dédé kọ oúnjẹ. Á lọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ara rẹ̀ á gbóná, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kán nímú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ajá náà wò, wọ́n ti dájọ́: "Wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ!" Aládùúgbò tó máa ń kanra bí ajá bá gbó lóru ni wọ́n á fura sí, epo pupa ni wọ́n á sì dà sí ajá lẹ́nu.

Ìgbàgbọ́ yìí ń pa ajá tó yẹ kó yè. Ẹ wo inú etí ajá náà, ẹ wo àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Eégbọn lẹ máa bá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Eégbọn ajá ló ń gbé kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Ehrlichia canis kiri, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe lára ajá ní Àlgéríà lọ́dún 1935. Inú sẹ́ẹ̀lì funfun tó yẹ kó máa gbèjà ara ló ń sá sí. Bó bá gbilẹ̀, àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì á dín kù, ẹ̀jẹ̀ á wá máa jáde nímú, àmì pupa wínníwínní á sì yọ sí ikùn.

Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ jù ni àkókò. Eégbọn tó kó àìsàn náà wá lè ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, kó sì ti já bọ́ lọ, torí ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta kí ibà tó dé. Ajá mìíràn á ṣòjòjò díẹ̀, ara rẹ̀ á yá, àìsàn náà á sì fara pamọ́ fún oṣù, tàbí ọdún pàápàá, kó tó wá yọ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Ta ló máa rántí eégbọn nígbà yẹn? Irú ajá German Shepherd ló máa ń jìyà rẹ̀ jù.

Májèlé tí wọ́n fi ń pa kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́: itọ́ á máa dà, ara á máa gbọ̀n, gìrì á mú ajá. Òótọ́ ni pé májèlé eku lè fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ìdí gan-an nìyẹn tó fi jẹ́ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Bó ṣe rí fún Bingo, ajá àbúrò mi n'Ìbàdàn, nìyẹn. Dókítà ẹran gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ti lọ sílẹ̀ gan-an, àyẹ̀wò kejì sì fi hàn pé Ehrlichia ni. Doxycycline ni wọ́n kọ fún un, fún ọjọ́ 28, pẹ̀lú oúnjẹ. Kò pẹ́ rárá tó fi dìde tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń dá oògùn dúró. Àbúrò mi lò ó dé òpin, wọ́n sì tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò.

Bí ìtọ̀ ajá bá pọ́n bíi sóbò, ó lè jẹ́ Babesia, kòkòrò mìíràn tí eégbọn ń gbé, tó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀, doxycycline nìkan kò tó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fojú díwọ̀n ra oògùn. Ìbùprófẹ́nì tí èèyàn ń lò léwu fún ajá, pàápàá èyí tó ń ṣẹ̀jẹ̀.

Epo pupa kì í pa agbára májèlé. Ajá tó ti rẹ̀ kò lè gbé e mì dáadáa, ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń gbà lọ. Èyí tó tún dùn mí jù ni òtapíapía àti kẹrosíìnì tí wọ́n ń fi wẹ ajá nítorí eégbọn. Awọ ara ni òtapíapía ń gbà wọlé, ajá sì tún ń lá ara rẹ̀. Oògùn eégbọn tí wọ́n ṣe fún ajá wà lọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Ẹ tọ́jú ilé náà pẹ̀lú, nítorí abo eégbọn kan lè yé ẹyin tó ju 1,000 lọ sí àlàpà ògiri tàbí abẹ́ ibùsùn ajá. Ajá tó sì ti gbádùn lè tún kó àìsàn yìí bí eégbọn tó ní in bá tún bù ú jẹ.