Ìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìpoògùn nípa lílo probiotics pẹ̀lú antibiotics

Probiotics ni àwọn kòkòrò alààyè tín-ín-tín tó ń ṣe ara lóore bí èèyàn bá lò wọ́n tó ìwọ̀n tó yẹ. Inú kápúsù, lẹ́búlẹ́bú àti yọ́gọ́ọ̀tì ni wọ́n sábà máa ń wà. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìpoògùn mọ bí wọ́n ṣe ń bá antibiotics rìn kó tó gboyè, torí pé ọ̀dọ̀ apòògùn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ti máa ń béèrè.

Bí antibiotics ṣe ń pa bakitéríà tó fa àìsàn, bẹ́ẹ̀ náà ló ń pa èyí tó ń gbé inú ìfun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tó ń bá wa da oúnjẹ. Ìdí nìyí tí ìgbẹ́ gbuuru fi máa ń yọ àwọn kan lẹ́nu. Èyí tó burú jù ni ti Clostridioides difficile, bakitéríà kan tó máa ń gbilẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù bá ti kú, tó sì lè gba ẹ̀mí àgbàlagbà.

Ìwé ìbéèrè ni àwọn olùwádìí sábà máa ń pín fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi wọn ìmọ̀ yìí. Kéèyàn ti gbọ́ orúkọ probiotics rí kò tó. Ibi tí ojúlówó ìmọ̀ ti ń hàn ni ìgbà tí ìyá kan bá gba Augmentin olómi, tó jẹ́ antibiotics, fún ọmọ rẹ̀, tó wá ní: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fún un ní probiotics náà pọ̀ mọ́ ọn ni?” Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ohun tó ń ṣe á kọ́kọ́ wo ara páálí, kó mọ irú kòkòrò tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ bakitéríà, bíi Lactobacillus rhamnosus GG, antibiotics lè pa á. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí ó kéré tán wákàtí 2 wà láàárín wọn. Ìwúkàrà ni Saccharomyces boulardii, kì í ṣe bakitéríà; òun ni Henri Boulard, ará Faransé, rí ní Indochina ní àwọn ọdún 1920. Antibiotics kò lè pa á, àmọ́ kò yẹ kó bá oògùn tó ń gbógun ti ìwúkàrà, bíi fluconazole, rìn.

Ọ̀dọ̀ ọmọdé ni ẹ̀rí pé probiotics ń dènà ìgbẹ́ gbuuru tí antibiotics ń fà ti lágbára jù. Nínú àkójọ ìwádìí 33 tí Cochrane, àjọ tó ń ṣàgbéyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn, gbé jáde ní 2019, ìgbẹ́ gbuuru mú ìdá 8 nínú 100 àwọn ọmọ tó lo probiotics, ó sì mú ìdá 19 nínú 100 àwọn tí kò lò ó. Síbẹ̀, ní 2018, àwọn olùwádìí Weizmann Institute ní Ísírẹ́lì rí i pé probiotics kan fa ìdádúró fún bakitéríà ìfun àgbàlagbà láti padà sípò lẹ́yìn antibiotics. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ méjèèjì, kó má baà máa ta á fún gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Nílẹ̀ Yorùbá, omi ògì, ìyẹn omidùn, ni àwọn kan máa ń mu bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń yọ wọ́n lẹ́nu. Lóòótọ́ ni Lactobacillus plantarum wà lára àwọn tó ń mú ògì kan, ṣùgbọ́n iná á ti pa wọ́n kí ẹ̀kọ tó jinná. Omidùn tútù kò ní ìwọ̀n kan pàtó, omi tí kò mọ́ sì lè kó àrùn wọ inú rẹ̀.

Ẹni tí agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ ti rẹlẹ̀, tàbí tí wọ́n fi rọ́bà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá rẹ̀, kò gbọdọ̀ lo probiotics láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i, torí kòkòrò náà lè wọnú ẹ̀jẹ̀. Ní 2023, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa fífún àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ní probiotics nílé ìwòsàn.