Saoirse: Orúkọ Tí Ojú Ń Kà, Tí Ẹnu Ń Ṣì

Ìbéèrè: Mo rí orúkọ ọmọ kan, Saoirse. Mo pè é ní "Saóísè", wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Báwo gan-an ni wọ́n ń pè é?

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín yẹn dùn yín. Àwọn tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bá lẹ́nu ìyá wọn náà ń ṣì í pè. Orúkọ obìnrin láti Írẹ́lándì ni. "Síàṣà" ló sún mọ́ ọn jù lẹ́nu Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí r kékeré kan gba àárín rẹ̀ kọjá: Sír-ṣà. Sílébù àkọ́kọ́ ni agbára ohùn wà. Ti ìparí kì í ṣe "a" tí a la ẹnu pè. Ó rọ̀, ó sì kúrú.

Ìbéèrè: Lẹ́tà méje fún sílébù méjì! Kí ni àwọn tó kù ń wá níbẹ̀?

Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, ibí yìí ni orúkọ náà sì ti dùn mọ́ mi jù. Èdè Írẹ́lándì ní s, ó sì ní ṣ, bíi tiwa. Àwa fi àmì sábẹ́ lẹ́tà kí a lè dá wọn mọ̀. Àwọn kò ní àmì bẹ́ẹ̀. Fáwẹ̀lì tó bá fara kan s ni wọ́n ń wò. Bó bá jẹ́ a, o tàbí u, s lásán ni. Bó bá jẹ́ e tàbí i, ó di ṣ. Ìdí nìyẹn tí Seán fi ń dún bíi "Ṣọ́ọ̀n", tí Siobhán náà sì fi ṣ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá padà sí Saoirse. S àkọ́kọ́ fara kan a, s ni ó jẹ́. Èkejì fara kan e, ó di ṣ. Lẹ́tà mẹ́ta tó wà láàárín, a-o-i, ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n para pọ̀ jẹ́: í gígùn. Ohun kan náà lẹ ó gbọ́ níbẹ̀rẹ̀ Aoife, tí wọ́n ń pè ní "Íìfà". Ẹ lè ní kí ló dé tí wọn kò kúkú kọ i nìkan. Bí i bá fara kan s àkọ́kọ́, òun náà á di ṣ, ọmọ á wá máa jẹ́ "Ṣíàṣà"! A yẹn ló ń ṣọ́nà fún un.

Ìbéèrè: Òṣèré Saoirse Ronan kì í pe tirẹ̀ báyẹn. Ta ló tọ̀nà?

Gbogbo wọn ni. Tirẹ̀ sún mọ́ "Sọ́ṣà". Ó bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, "inertia", dún. Ẹnu àdúgbò kan ní Írẹ́lándì yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ẹ bi ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

Ìbéèrè: Ṣé orúkọ àtijọ́ ni, àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé?

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, jíjẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ ẹ lórúkọ ni kò pẹ́. Òmìnira ni saoirse túmọ̀ sí. Nǹkan bí ọdún 1920 sí 1930, nígbà tí Írẹ́lándì ń já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Bìrìtìkó, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sọ ọmọ. Ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1922, Saorstát Éireann, ìyẹn Orílẹ̀-èdè Òmìnira ti Írẹ́lándì, ni wọ́n pè é. "Saor" inú rẹ̀ náà ló bí Saoirse.

Ìbéèrè: Ṣé ó wọ́pọ̀?

Ó dá lórí ibi tí ẹ dúró sí. Ní Írẹ́lándì, ó wà lára ọgọ́rùn-ún orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọbìnrin jù. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 2016 ló tó wọ inú ẹgbẹ̀rún àkọ́kọ́. Èmi kò rò pé ó ṣèèṣì: oṣù kìíní ọdún yẹn ni wọ́n dárúkọ Ronan fún Oscar lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn àkọ́kọ́ tó rí ní 2008, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 13. Àwọn òbí tí ojú wọn ń kọsẹ̀ lára orúkọ náà ti wá ń fetí gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí a ò kàn kọ ọ́ ní Sersha kó rọrùn?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tèmi ni pé ẹnikẹ́ni tó gbọ́ èdè Írẹ́lándì, tó bá rí Sersha, kò ní rí òmìnira kankan nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń jẹ́ Saoirse á máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pè é. Ti Sersha á máa ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.