Ta ló ń pa akika tán gan-an, ooru àbí ọdẹ?

Àbúrò kan ní Òkè-Fìà l'Óṣogbo níbí ló bi mí láwọn ìbéèrè yìí, mo ní kí n dáhùn síbi tí gbogbo wa á ti rí i.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ìyípadà ojú ọjọ́ wà lára ohun tó ń run akika, ẹranko onípẹ́ tóyìnbó ń pè ní pangolin. Ọdẹ mà ni mo mọ̀ pé ó ń pa á, kí ló kan ooru níbẹ̀?

Ìdáhùn: O ò parọ́, ọdẹ ń pa á. Wọ́n ń jẹ ẹran ẹ̀, wọ́n ń fi ṣe oògùn, ìpẹ́ ara ẹ̀ sì ń gba ojú omi lọ sí Éṣíà, bẹ́ẹ̀ láti 2017 lòfin àgbáyé ti ní kí wọ́n má tà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló sì ń bí lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́rù bá bà á, á ká jọ roboto, ẹ̀kùn ò ní ríbi gé jẹ, àmọ́ èèyàn á kàn gbé e sápò ni. Wàyí o, kí òjò wá pẹ́ kó tó rọ̀, kí igbó gbẹ, kí iná tẹ́nì kan fi sun oko ràn wọnú igbó, ikán tó ń jẹ ti sá wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ó di dandan kó jáde wá oúnjẹ lẹ́bàá oko, ibẹ̀ gan-an ni pàkúté wà. Ọ̀dá ló lé e jáde, ọdẹ ló pa á, ta la fẹ́ mú?

Ìbéèrè: Ṣebí ọ̀dá ti ń dá látayébáyé, kí ló dé tí wọn ò kú tán nígbà yẹn?

Ìdáhùn: Wọ́n ń ṣí lọ ni. Igbó so mọ́ igbó, tí omi bá gbẹ níbí wọ́n á kọjá sọ́hùn-ún. Wo Igbó Ọ̀ṣun tiwa, hẹ́kítà 75 péré, Adùnní Olórìṣà (Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà) fi ọ̀pọ̀ ọdún jà kí àwọn tó ń ta ilẹ̀ má bàa pín in, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó àṣà, wá kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, àmọ́ ilé àti oko ti yí i ká. Àwọn ọ̀bọ tá à ń rí níbẹ̀, tí igi ò bá so lọ́dún kan, ọ̀nà ibo ni wọ́n fẹ́ gbà?

Odò Ọ̀ṣun náà ńkọ́? Àwọn tó ń wa wúrà lókè lọ́hùn-ún nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ ọ́ di omi ẹrẹ̀, ó máa ń dùn mí wọ egungun tí mo bá dúró wò ó. Tí òjò bá wá dín, omi tó yẹ kó ṣan ìdọ̀tí yẹn lọ ò ní tó mọ́, èyí tó kù á tún gbóná, omi gbígbóná kì í sì í gba atẹ́gùn púpọ̀ sínú, ẹja ò ní lè mí dáadáa.

Ìbéèrè: Ojú ọjọ́ nìkan ti pa ẹranko kan tán rí?

Ìdáhùn: Àwọn onímọ̀ ní ó ti ṣẹlẹ̀, sí eku kékeré kan ní Ọsirélíà. Erékùṣù kan ṣoṣo, Bramble Cay, ló ń gbé, òkun ń kún bò ó, ewéko tó ń jẹ kú. 2009 ni wọ́n rí i kẹ́yìn, 2019 ni ìjọba wọn kéde pé ó ti tán. Kò sẹ́ni tó ń dẹ ẹ́ o, ibi tó máa sá lọ ni ò sí.

Ìbéèrè: Tí mo bá rí akika tí wọ́n ń tà létí títì, ṣé kí n rà á kí n tú u sílẹ̀?

Ìdáhùn: Jọ̀ọ́ má rà á. Mo mọ̀ pé àánú ló ń ṣe ẹ́, àmọ́ owó yẹn lẹni tó ń tà á máa fi lọ mú òmíì wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó igbó ni kó o sọ fún. Tó bá sì di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bá àwọn ará ilé ẹ tó ń sun oko sọ ọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ ro ààlà oko mọ́ tónítóní kí wọ́n tó ṣáná.