Kí ló dé tí kíríkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ márùn-ún fi ń parí sí ọ̀mì?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo wo kíríkẹ́ẹ̀tì Test láti ọjọ́ kìíní dé ìkarùn-ún. Ráànù (àmì ayò) ikọ̀ kan pọ̀ ju ti ìkejì lọ dáadáa, síbẹ̀ wọ́n ní ọ̀mì ni wọ́n ta. Báwo ló ṣe jẹ́?

Ìdáhùn: Nínú Test, ráànù púpọ̀ nìkan kò tó láti borí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbá. Ikọ̀ tí ráànù rẹ̀ pọ̀ jù gbọ́dọ̀ lé ẹni 10 jáde nínú 11 tí alátakò ní, nígbà tí wọ́n bá ń gbá ìkẹyìn. Bí àkókò bá tán lọ́jọ́ karùn-ún tí ẹni 2 ṣì dúró, ọ̀mì nìyẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni adùn eré yìí wà lójú tèmi. Ẹni tó mú igi dání ò wá ráànù kankan mọ́. Á kàn máa fi igi dí bọ́ọ̀lù níwájú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, wákàtí dé wákàtí. Àwọn alátakò á rọ̀gbà yí i ká, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á tẹ́wọ́, pé kí bọ́ọ̀lù ṣáà ta sókè díẹ̀, kí wọ́n gbá a mú kó tó kanlẹ̀, kí ẹni náà lè jáde.

Ìbéèrè: Ṣé ìdí nìyẹn tí balógun ikọ̀ fi máa ń ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣíwọ́ gbígbá nígbà tó ṣì ń dùn?

Ìdáhùn: Òun náà ni. Bó bá pẹ́ jù, kò ní ráyè lé alátakò jáde. Bó bá yá jù, wọ́n lè lé e bá. Ní Wellington lọ́dún 2023, England ṣíwọ́ ní 435, ẹni 8 péré ló ti jáde. Wọ́n lé New Zealand jáde ní 209, wọ́n sì ní kí wọ́n tún gbá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. New Zealand kó 483! Ó wá ku 258 fún England. Wọ́n ti dé 256 nígbà tí bọ́ọ̀lù tí Neil Wagner ti New Zealand jù kan igi James Anderson, ẹni ìkẹyìn England, fẹ́rẹ́, Tom Blundell, akẹgbẹ́ Wagner, sì bẹ́ gìjà, ó gbá a mú. Ráànù 1 péré ni New Zealand fi borí.

Ìbéèrè: Wọn ò ṣe kúkú yọ gbèdéke ọjọ́ kúrò?

Ìdáhùn: Wọ́n ṣe é rí. Ní Durban, ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1939, Gúúsù Áfíríkà àti England bẹ̀rẹ̀ eré tí kò ní gbèdéke. Ráànù 696 ni England ń lé nígbẹ̀yìn. Bill Edrich nìkan gbá 219. Wọ́n dé 654, ẹni 5 péré ló jáde, ó ku 42. Àfi bí òjò ṣe dé lọ́jọ́ 14 oṣù náà, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ òkun tó máa gbé wọn relé wà ní Cape Town, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an kí wọ́n tó lè bá a. Ni wọ́n bá ta ọ̀mì. Wọn ò gbá Test aláìní gbèdéke mọ́ láti ìgbà náà.