Àrùn kan náà, ọkà méjì: kí ló dé tó mú ọ̀kan, tó fi èkejì sílẹ̀?

Àbúrò mi tó ń dáko ní Ìsánlú ń mu mọ́ọ̀tì tútù, ló bá ka ara ìgò, ó rí i pé ọkà báálì wà nínú rẹ̀. Látìgbà náà, ìbéèrè rẹ̀ kò tán mọ́.

Kí ló ń bá ọkà báálì jà níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín?

Àrùn pọ̀, àmọ́ ọ̀kan wà tí òyìnbó ń pè ní powdery mildew, tó máa ń hù sójú ewé bí ẹni bu ìyẹ̀fun lé e. Mọ̀lẹ́bí ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu ni, ṣùgbọ́n eléyìí kì í jẹ òkú nǹkan. Ara ewé tó wà láàyè ló ti ń fa oúnjẹ. Hóró ọkà á wá rù.

Bó bá jẹ́ àrùn kan náà, kí ló dé tó ń yan ẹni tó máa mú?

Orúkọ ló jẹ́ ọ̀kan, ìdílé pọ̀ nínú rẹ̀. Jẹ́ ká fi ilà Yàgbà ṣe é, mẹ́ta tó pàdé létí ẹnu. Ká ní wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ibodè, wọ́n ní kó lé ẹnikẹ́ni tó bá kọ ilà náà padà. Ọkà báálì ní irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ara. Tó bá ti rí àmì kan pàtó lára àrùn, ibi tí àlejò náà fẹnu bà gan-an ni ewé máa pa fúnra rẹ̀, ebi á sì pa àlejò kú síbẹ̀. Bí ọmọ àrùn kan bá wá jáde tí kò kọlà ńkọ́? Ẹ̀ṣọ́ á kàn máa wò ó níran ni. Atẹ́gùn á gbé ọmọ yẹn káàkiri bí ọyẹ́ ṣe ń gbé eruku.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìdílé tó dé?

Wọ́n á gé ewé oríṣiríṣi báálì tí wọ́n ti mọ ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n á tò wọ́n sínú àwo, wọ́n á bu ìyẹ̀fun àrùn kan náà lé gbogbo wọn. Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ kan, ewé tó funfun ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kò dá àlejò mọ̀.

Ṣé kò sí èyí tó ń mú un dúró?

Ó wà. Wọ́n rí irú báálì kan ní Ethiopia tí kò gbára lé ẹ̀ṣọ́ rárá: ohun tí àrùn ń lò láti wọlé ni kò sí lára rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Yúróòpù ti ń gbin ọmọ rẹ̀ láti nǹkan bí 1980, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní.

Tí wọ́n bá da irúgbìn pọ̀ ńkọ́, bí ìyá wa ṣe máa ń ṣe?

Wọ́n ti ṣe é ní Ìlà-Oòrùn Jámánì láti 1984. Àrùn tó bá bá ewé kan mu, aládùúgbò rẹ̀ lè má gbà á. Láti nǹkan bí 50 nínú 100, àrùn náà wálẹ̀ sí bí 10. Nígbà tí Jámánì méjèèjì di ọ̀kan ní 1990, àwọn tó ń fi báálì pọn ọtí ní irú kan ṣoṣo làwọn fẹ́ nínú àpò. Ni wọ́n bá pa á tì.